Ìgbà tí ọjà ọdún ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń parí fún ẹni tó ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: "Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Mo ń ta àdìrẹ àti aṣọ rírán díẹ̀ lórí Instagram àti WhatsApp. N kò ní ṣọ́ọ̀bù; inú yàrá kan nílé ni mo ń kó ọjà sí. Lọ́dún tó kọjá, mo kó gbogbo owó tí mo ní lé ọjà Kérésìmesì. Nígbà tí oṣù kejìlá wọ ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ènìyàn ṣì ń béèrè ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo ní ni wọ́n ń béèrè. Oṣù kìíní dé, ẹrù aṣọ tí n kò rí tà kún yàrá. Nígbà tí Iléyá sì máa fi dé, kò sí owó lọ́wọ́ mi tí mo lè fi ra ọjà. Báwo ni kí n ṣe ètò ọdún mi kí irú èyí má tún ṣẹlẹ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè yín tó ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ, òun ni èyí tí ẹ ti sọ pé àwọn ènìyàn ṣì ń béèrè ọjà ní oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Èyí fi hàn pé oníbàárà wà, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ ń ta aṣọ tí a kò tíì rán ní àkókò tó ti pẹ́ jù láti rán aṣọ, ẹ kò sì ní aṣọ rírán tó pọ̀ tó ní àkókò tó jẹ́ pé aṣọ rírán nìkan ló wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ọdún. Kókó yìí ni gbogbo ohun tí mo máa sọ dá lé lórí. Ọjọ́ ọdún kọ́ ni ọjọ́ ọjà yín. Télọ̀ ló ń dá ọjọ́ ọjà fún ẹni tó ń ta aṣọ oní-yáàdì, láti ọ̀dọ̀ télọ̀ ni ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ka ọjọ́ sẹ́yìn kí ẹ tó mọ ìgbà tó yẹ kí owó jáde lápò yín.

Ẹ jẹ́ kí a fi Kérésìmesì ṣe é. Ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ni ọdún, ṣùgbọ́n télọ̀ tó mọṣẹ́, tí àwọn ènìyàn sì ń wá, kì í sábà gba aṣọ ọdún mọ́ tí oṣù kejìlá bá ti wọlé. Àwọn kan ti ń dá oníbàárà padà láti àárín oṣù kọkànlá, nítorí pé ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ayẹyẹ oríṣiríṣi ń kóra jọ sí ìparí ọdún, aṣọ ẹbí àwọn ayẹyẹ wọ̀nyí ló sì ń gba àyè lórí ẹ̀rọ. Oníbàárà yín tó wà ní Èkó, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Àbújá yóò fi ọjọ́ mélòó kan dúró kí ẹrù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò sì tún wá àyè gbé e lọ fún télọ̀. Bákan náà, ẹni tó ń gba owó oṣù kì í sábà ra aṣọ ní àárín oṣù. Owó oṣù tó wọlé ní ìparí oṣù kẹwàá ni ó lè fi ra aṣọ Kérésìmesì tí yóò rán. Èyí tó bá wọlé ní ìparí oṣù kọkànlá ti pẹ́ fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Tí a bá pa gbogbo èyí pọ̀, a ó rí i pé láti nǹkan bí ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá títí di àárín oṣù kọkànlá ni ọjà àdìrẹ oní-yáàdì yín yóò gbóná jù, àti pé bí oṣù kọkànlá bá ṣe ń parí lọ ni ọjà yẹn ń parí.

Bí ọjà bá máa gbóná ní ìparí oṣù kẹwàá, àwòrán àwọn aṣọ náà gbọ́dọ̀ ti wà lójú àwọn ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, nítorí pé oníbàárà orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ra aṣọ ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Yóò wò ó, yóò fi han ọ̀rẹ́, yóò bi ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n léèrè, kí ó tó padà wá béèrè iye rẹ̀. Nítorí náà, aṣọ gbọ́dọ̀ ti wà nílé yín ní ìparí oṣù kẹsàn-án.

Ibí ni òjò ti wọ ọ̀rọ̀ náà, mo sì fẹ́ kí ẹ fọkàn sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta àdìrẹ lórí fóònù kì í kà á mọ́ ètò wọn rárá. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ aláró ń lò. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbọ́dọ̀ gbẹ kanrin kí aṣọ tó wọ inú aró. Aró ẹ̀lú fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú lẹ́yìn tí a bá ti yọ aṣọ jáde nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí wọ́n tún rì lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta kí ó lè kun dáadáa gbọ́dọ̀ rí àyè gbẹ ní àárín ìgbà kan sí èkejì. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó gba ọjọ́ mélòó kan lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, àwọ̀ rẹ̀ sì lè má dọ́gba. Òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní oṣù kẹjọ, kí ó tó tún padà pẹ̀lú agbára ní oṣù kẹsàn-án. Àkókò ìdáwọ́dúró yìí ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ ọjà Kérésìmesì. Ẹ bá aláró yín ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, sọ̀rọ̀ ní oṣù keje, ẹ san apá kan owó náà, kí iṣẹ́ yín lè wà ní iwájú nígbà tí oòrùn bá yọ, nítorí pé àwọn mìíràn ń bọ̀ ní oṣù kẹwàá tí wọn yóò máa sáré, tí wọn yóò sì san ju iye tí ẹ san lọ. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán àpẹẹrẹ rẹ̀ kí wọ́n tó pa á láró, ń gba àkókò ju gbogbo ìyókù lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè fi tiẹ̀ lélẹ̀. Kámpálà ti alábẹ́là yá díẹ̀, ó ṣeé fi kún ọjà bí ohun kan bá tán lójijì.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kọkànlá ni kí ìpàtẹ yín lórí Instagram àti WhatsApp ti yí padà. Aṣọ rírán ni kí ó bọ́ síwájú, kí aṣọ oní-yáàdì bọ́ sẹ́yìn. Nínú aṣọ rírán, ohun tí mo máa gbà yín níyànjú láti pọ̀ jù ni èyí tí kò nílò ìwọ̀n tó péye: búbù obìnrin, dàńṣíkí, ìró àti bùbá tó fẹ̀ díẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ní ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Aṣọ ọmọdé náà ń tà dé ọjọ́ tó kẹ́yìn, nítorí pé òbí tí kò rówó rán aṣọ fún ara rẹ̀ yóò ṣì wá ohun tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀yin fúnra yín náà nílò télọ̀ fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ ti gbé e fún un, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dilẹ̀, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì gbówó lórí. Ẹ tún jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí ó fi aṣọ yín pa mọ́ de ìgbà tí ó bá ráyè.

Tí ẹ bá ti mọ bí a ṣe ń ka Kérésìmesì sẹ́yìn, ìṣirò kan náà ni ti Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀, àyàfi pé àwọn ọdún wọ̀nyí kì í dúró lójú kan. Ọdún Mùsùlùmí, tí wọ́n ń fi òṣùpá kà, fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí ọdún tí a ń lò ní ọ́fíìsì. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ní 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ní 2025. Ní 2026, ìparí oṣù karùn-ún ló kàn, ní 2027, nǹkan bí àárín oṣù karùn-ún. Ẹni tó bá ṣí ìwé ọdún tó kọjá, tí ó sì sọ pé oṣù báyìí ni mo ra ọjà Iléyá, yóò pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ yẹn sì ni télọ̀ máa fi ti ilẹ̀kùn. Ohun kan tó tún yàtọ̀ ni pé ọjọ́ kẹwàá nínú oṣù òṣùpá ni Iléyá, nítorí náà ọjọ́ rẹ̀ ti máa ń dájú ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìtúnu kì í dájú títí di alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí Sultan Sókótó bá kéde pé wọ́n ti rí òṣùpá. Ẹ má ṣe ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ẹrù yóò dé ní àṣálẹ́ ọdún. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀.

Ìtúnu ní àǹfààní kan fún yín tí mo rò pé ẹ kò tíì ṣàkíyèsí. Ó bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ní 2024, ọjọ́ 30 oṣù kẹta ní 2025, nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹta ní 2026, yóò sì bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹta ní 2027. Ní 2028, ìparí oṣù kejì ni yóò jẹ́, tí ó bá sì di 2030, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Tí Ìtúnu bá wà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì, àwọn tó fẹ́ rán aṣọ yóò sì fẹ́ rà á kí ààwẹ̀ tó dé ìdajì. Owó oṣù tó wọlé ní ìparí oṣù kìíní ni wọn yóò fi rà á. Oṣù kìíní tí àwọn oníṣòwò ń pè ní oṣù tí ọjà kú ti di oṣù ìmúrasílẹ̀ fún Ìtúnu, yóò sì túbọ̀ máa rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ẹrù aṣọ tó kún yàrá yín lẹ́yìn Kérésìmesì kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òfò. Èyí tó jẹ́ aró dúdú àti funfun, tàbí àwọ̀ tí kò ní orúkọ ọdún kankan lára, ẹ kó o pa mọ́, ẹ tún àwòrán rẹ̀ yà pẹ̀lú irú rírán tí àwọn Mùsùlùmí ń wọ̀ lọ sí Yídì, kí ẹ sì tún gbé e jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kìíní. Òótọ́ ni pé owó ilé-ìwé sáà kejì ti gbọ̀n àpò àwọn òbí gbẹ ní oṣù yẹn, nítorí náà ẹ gé àwọn kan ní yáàdì méjì tó tó ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, kí ẹni tí kò lè san owó yáàdì márùn-ún má baà kọjá lọ.

Ní ti Iléyá, ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kí ẹ fi ṣiṣẹ́ rẹ̀. Láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹta, oòrùn wà, ọwọ́ àwọn aláró kò sì há tó ti ìparí ọdún. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kò jìnnà sí yín rárá, nítorí ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni ẹ wà. Láti 2024 tí àwòrán àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà ní Ìjẹ̀bú) àti àwọn ẹlẹ́ṣin ti tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú pàápàá ti ń wá aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ wòran. Ẹ má ṣe lé iṣẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ odindi. Wọ́n ti máa ń yan aṣọ wọn tipẹ́, wọ́n sì ní àwọn tó ń tà fún wọn. Àwọn tó ń lọ wòran, àwọn ọmọ àti ìyàwó tí kò sí nínú ẹgbẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ wọ ohun tó jọra, àwọn ni kí ẹ dojú kọ. Bí ẹgbẹ́ kékeré kan bá wá bá yín fún aṣọ ẹbí, ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀ kí aṣọ tó wọ inú aró, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn máa bá yín sọ̀rọ̀ lórí owó. Èmi kò fara mọ́ àwìn fún aṣọ ẹbí rárá. Lẹ́yìn tí ayẹyẹ bá ti parí, kò sí ẹni tó ń yá lára láti san owó aṣọ tí ó ti wọ̀ tán, ẹni tí ẹ bá sì bínú sí ni ẹ máa pàdánù ní ọdún tó ń bọ̀.

Mo wá dé orí iye ọjà tó yẹ kí ẹ rà, nítorí pé ẹ ní gbogbo owó ni ẹ kó lé Kérésìmesì. Bí ẹ bá pín owó òwò yín sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí márùn-ún nínú rẹ̀ máa wà lára ọjà tó ń tà láìka ọdún sí, kí mẹ́ta lọ sí ọjà àsìkò tó ń bọ̀, kí méjì sì wà ní ọwọ́ láìná títí tí ẹ ó fi rí ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè gan-an. Méjì tó wà ní ọwọ́ yẹn ni ì bá ra aṣọ rírán fún yín ní oṣù kejìlá. Ohunkóhun tí ó bá ní àmì ọdún lára, bí àdìrẹ aláwọ̀ pupa àti ewé tí wọ́n ṣe nítorí Kérésìmesì, tàbí èyí tí a kọ ọdún sí, ẹ má ṣe ṣe é láìgba owó àsansílẹ̀. Ẹ ya àwòrán èyí kan ṣoṣo tí aláró ṣe fún àpẹẹrẹ, ẹ gbé e síta, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó gba owó dé àti ọjọ́ tí aṣọ yóò jáde, kí ẹ sì ṣe iye tí a ti sanwó rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ lé e.

Ẹ kò nílò láti méfò nípa ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́, nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ fún yín. Ẹ ṣí WhatsApp yín, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà kọ ránṣẹ́ ní oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè tí ẹ kò ní sínú ìwé: àwọ̀, ìwọ̀n, irú rírán, ọjọ́ tí wọ́n béèrè àti iye tí wọ́n fẹ́ san. Ìwé yẹn wúlò fún yín ju ohunkóhun tí ẹlòmíràn lè sọ nípa ohun tó ń lọ lọ́jà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan, Google Trends wà lọ́fẹ̀ẹ́; ẹ yan Nàìjíríà níbẹ̀, ẹ tẹ orúkọ aṣọ tí ẹ ń tà, yóò sì fi hàn yín ọ̀sẹ̀ tí ìwákiri ń gòkè àti ọ̀sẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Ní ti iye owó, aṣọ tí ẹ ṣe ní oṣù kẹjọ tí ẹ fẹ́ tà ní oṣù kọkànlá kò gbọ́dọ̀ ní iye kan náà tí ẹ fi sórí rẹ̀ ní oṣù kẹjọ bí nǹkan bá ti yí padà. Láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ aṣọ funfun tí a ń pa láró àti kẹ́míkà aró ìgbàlódé ti ń wá. Ní oṣù kẹfà 2023, lẹ́yìn tí Báǹkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa lọ bí ọjà bá ṣe gbé e, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ta ọjà tán ní iye àtijọ́, wọ́n sì rí i pé gbogbo owó tí wọ́n pa kò lè ra iye ọjà tí wọ́n tà mọ́. Kí ẹ tó gbé iye owó síta fún ọdún kankan, ẹ bi aláró léèrè iye tí yóò gba lọ́wọ́ yín bí ẹ bá tún fẹ́ irú aṣọ yẹn lónìí, kí ẹ sì fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò.

Ẹ ó sì rí àwọn tó ń fi owó lé orí ọjà ní oṣù kẹwàá kí wọ́n lè sọ ní ìparí oṣù kọkànlá, nígbà tí gbogbo ayé ń pariwo Black Friday, ìyẹn ọjọ́ ẹ̀dínwó ìparí oṣù kọkànlá, pé àwọn dín ìdá ọgbọ̀n kù nínú ọgọ́rùn-ún. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, kò fàyè gba kí oníṣòwò tan ènìyàn jẹ nípa iye ọjà, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe mu padà. Yàtọ̀ sí òfin, àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín ń rí iye tí ẹ kọ lójoojúmọ́ lórí fóònù, wọ́n sì máa ń rántí. Ẹ̀dínwó ní àyè tirẹ̀: ìwọ̀n aṣọ rírán tó ṣẹ́kù ní ẹyọ kan, àwọ̀ tí kò dọ́gba, àjẹkù tí kò pé yáàdì márùn-ún. Àjẹkù pàápàá, kí ẹ tó dín owó rẹ̀ kù, ẹ wò ó bóyá ó lè di gèlè, àpò ìfàlọ́wọ́, aṣọ ọmọ-ọwọ́ tàbí àpò ìrọ̀rí, nítorí pé èrè irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ lè ju ti aṣọ tí wọ́n gé e lára rẹ̀ lọ.

Ìpàtẹ lórí fóònù kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Instagram gbà yín láàyè láti fi àwòrán mẹ́ta há sí òkè ojú ìwé yín. Ẹ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti àsìkò tó wà níwájú, kí ọ̀kan nínú wọn sì máa sọ ọjọ́ tí ẹ ó gba ìbéèrè ọjà dé. Àwòrán inú oòrùn òwúrọ̀ ló dára jù fún aró, nítorí iná ilé máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. WhatsApp ni kí ẹ fi ta ọjà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun tí ẹ fi sí Status ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, àti pé àkójọ broadcast kan, èyí tí ẹ fi ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbà ju ènìyàn 256 lọ, ẹni tí kò bá sì tíì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i. Nítorí náà, láti oṣù keje ni kí ẹ ti máa bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n fi nọ́ńbà yín pamọ́. Ìpolówó tí ẹ ń sanwó fún, oṣù kẹsàn-án àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni kí ẹ ṣe é, kí ó fi mú àwọn ènìyàn tuntun wá sórí WhatsApp yín. Bíi gbàǹjo ni wọ́n ń ta àyè ìpolówó yẹn, ẹni tó bá fi owó lé e jù ló sábà máa ń gbà á. Ní oṣù kọkànlá, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ń fi owó lé e, owó kékeré kò sì ní rí àyè.

Ọ̀rọ̀ ìfiránṣẹ́ ẹrù ló kù. Ní oṣù kejìlá, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ pọ̀ lójú ọ̀nà, pàápàá lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tí Ìjọ Ìràpadà bá ń ṣe àpéjọ ìparí ọdún wọn, àwọn tó ń gbé ẹrù sì ń kó ju agbára wọn lọ. Ẹ kéde ọjọ́ tó kẹ́yìn fún ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má sì ṣe yẹ̀ ẹ́ nítorí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bọ̀ wá sílé ní oṣù kejìlá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ní oṣù kẹwàá bóyá wọn yóò fẹ́ kí aṣọ rírán wọn máa dúró dè wọ́n ní Èkó dípò kí wọ́n san owó ọkọ̀ òfúrufú lórí rẹ̀. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni ayẹyẹ wọn pọ̀ lọ́hùn-ún, nígbà tí ooru bá mú, ìyẹn sì jẹ́ ọjà mìíràn fún yín ní àkókò tí òjò mú kí ọjà ilé dákẹ́.

Nítorí pé owó ti há sínú ẹrù, ẹ má ṣe gbìyànjú láti mú gbogbo àsìkò yìí ní ọdún kan. Ẹ yan ohun tí kò ní àmì ọdún nínú ẹrù tó wà nílẹ̀ fún Ìtúnu, ẹ ta àjẹkù àti ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dínwó, kí ẹ fi owó tó bá ti ibẹ̀ wá ṣe ọjà Iléyá níwọ̀nba, pẹ̀lú owó àsansílẹ̀. Ohun tí ẹ bá pa ní Iléyá ni kí ẹ gbé lọ fún aláró ní oṣù keje, kí ẹ sì ti mú ìwé ohun tí àwọn oníbàárà béèrè dání.